Ẹ̀wà fún Bàbá Kí Ọkọ Ìyàwó Tó Dé

Ní ọjọ́ tí Josiah Húnsù lé mínísítà ìjọ wọn jáde ní pálọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ ní Ìbẹ̀rẹ̀kó, àdúgbò wọn létí ọ̀sà. Ohun tí mínísítà náà ṣe kò ju pé ó wá bẹ bàbá kó bá wọn kọ bẹ́ẹ̀sì nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Ìkórè. Josiah, tó ti ń kọ bẹ́ẹ̀sì láti ìgbà èwe rẹ̀, dìde fùú. Ó ní ṣé nítorí pé òun ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ṣe rò pé òun ò níṣẹ́ ṣe? Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Mínísítà gbé Bíbélì rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Olúwanífẹ́mi, àbíkẹ́yìn Josiah, wà ní kíṣìnnì nígbà náà. Ó ká ọwọ́ lérí. Ọ̀rọ̀ mínísítà dùn ún, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló ń já a láyà: bí bàbá òun bá lè lé ìránṣẹ́ Ọlọ́run, kí ni yóò ṣe fún Ọládàpọ̀?

Ọládàpọ̀ ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan ní yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ó ti wá kí bàbá lẹ́ẹ̀kan rí, ojú rẹ̀ sì rí màbo. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Kò tíì jókòó dáadáa tí Josiah fi bi í pé:

"Ṣé o mọ omi wẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀bọ̀kún àti èpìyà?"

"Ẹja ni mo mọ gbogbo wọn sí, sà."

"Ẹni tí kò mọ omi, tí kò mọ ẹja, kí ló wá ń wá létí ọ̀sà?"

Bàbá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ọládàpọ̀ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú èso tó rà wá lórí itan rẹ̀, títí Nífẹ́mi fi wá fà á lọ́wọ́ dìde.

Bẹ́ẹ̀, Josiah kì í ṣe oníbìínú látilẹ̀wá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tó nà rí pàápàá máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rántí rẹ̀, nítorí àwàdà rẹ̀ pọ̀ ju ẹgba rẹ̀ lọ. Ìgbà tí Eunice, ìyàwó rẹ̀, lọ sí Àbújá láti lọ bá ọmọbìnrin wọn àgbà wẹ ọmọ tuntun ni nǹkan yí padà. Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ni. Àwọn mìíràn ní bóyá ẹnì kan ló ń ti ẹ̀yìn ṣe é. Nífẹ́mi gbàdúrà, ó gbààwẹ̀, ìbínú bàbá kò yẹ̀.

Ilé ìwé ni ìmọ̀ ti wá já lù ú. Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ni Nífẹ́mi ń kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Safiyat da tábìlì dé, ó bu ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ lápá, ó wá fi ara yílẹ̀, ó ń jágbe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Nífẹ́mi kò bá a wí. Ó ṣí kúlà oúnjẹ ọmọ náà, ó bu mọ́ínmọ́ín sí i lẹ́nu. Safiyat jẹ ẹ́, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó dìde, ó lọ kọ́wọ́ lọ́rùn ọ̀rẹ́ tó bù jẹ, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Síbí wà lọ́wọ́ Nífẹ́mi síbẹ̀. Ó dúró gbagidi.

"Yéè!" ó pariwo. "Dádì mi!"

Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ṣí agbọ̀n ìdọ̀tí wò. Ọ̀rá bisikíìtì ló kún ibẹ̀, àti ìgò mínírà. Ó wọ kíṣìnnì, ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó sè kalẹ̀: kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó wá rántí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárọ̀, tíì tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ débi pé síbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, bisikíìtì àti mínírà. Lálẹ́, búrẹ́dì. Bí bàbá bá mu mínírà náà tán, ara rẹ̀ á yá díẹ̀, á sọ̀rọ̀, á rìn káàkiri ilé. Kò ní pẹ́, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ẹni tó bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà yẹn ti rí ogun. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mínísítà wá. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Ọládàpọ̀ náà wá!

Ó pe ìyá rẹ̀ ní Àbújá, ọ̀rọ̀ ń kọ lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Eunice jẹ́ kó sọ tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ, n kì í jẹ́ kó ti ẹnu ọ̀nà jáde láìjẹun. Ṣé o rò pé ìfẹ́ nìkan ni? Ààbò ara mi ni!"

Nífẹ́mi tún pe Ọládàpọ̀, ó ní ẹ̀wà lòun yóò máa sè fún bàbá. Òun ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. 

"Ó ṣeé ṣe o, Nífẹ́mi. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì òkun, kò lè jẹ́ kí ara èèyàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbé gbogbo ẹrù lé ẹ̀wà lórí. Ó lè jẹ́ pé àárò ìyá rẹ ló ń sọ ọ́. Ta ló fẹ́ sè, kó bù, kó jókòó dá jẹ ẹ́?"

"Èmi á máa bá a jẹ ẹ́," ni Nífẹ́mi wí. "Ẹ̀wà á ṣe tiẹ̀, èmi náà á ṣe tèmi. Dàpọ̀, mo sọ fún ọ, bàbá yìí á fi mí fún ọ pẹ̀lú ẹ̀rín!"

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìdájí, kó tó lọ síléèwé, Nífẹ́mi á ti gbé àbọ̀bọ̀ kaná, ìyẹn ẹ̀wà tí àwọn Ègùn, ẹ̀yà bàbá rẹ̀, máa ń sè títí á fi rọ̀, tí òun sì ń da òróró àgbọn lé lórí. Ó ń se ẹ̀fọ́ gbọ́mà pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde lódò. Ó kó bisikíìtì kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ẹ̀pà sísun àti ọsàn rọ́pò rẹ̀. Ó kó mínírà fún àwọn aládùúgbò, ó fi omi àgbọn sínú fìríìjì. Bí ó bá sì ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ń jókòó ti bàbá rẹ̀, wọ́n á jọ ti ọwọ́ bọ àwo.

Josiah kò fara mọ́ ọn. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ńṣe ni ìbínú rẹ̀ tún le sí i. Ó ń ṣí fìríìjì, ó ń pa á dé.

"Sènámì," ni yóò wí, nítorí orúkọ Ègùn tó fún un lọ́jọ́ ìkómọ ló máa ń pè é, "ṣé ewúrẹ́ ni mo dà ni, tí ewé ò fi kúrò nínú àwo mi?"

"Ẹ ṣáà jẹ ẹ́, Dádì. Ẹja wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ẹja ló ń fà á. Ó ń walẹ̀ ewé láti dé ibi ẹja, ó sì ń gbé ewé náà mì lójú ọ̀nà.

Nífẹ́mi kò mọ ọjọ́ tó yí padà gan-an. Ohun tó mọ̀ ni pé bó ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn ìsàlẹ̀, tó wúwo, tó ń rọra yí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń la àgbọn, ó sì ń kọ bẹ́ẹ̀sì orin ìyìn kan láti òkè dé ilẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni o! Nífẹ́mi fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà kígbe. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ ọ títí orin fi parí.

Ní ọjọ́ kejì, Josiah fúnra rẹ̀ lọ bẹ mínísítà nílé, ó ní òun yóò bá wọn kọ bẹ́ẹ̀sì náà. Bó ti dé, bí wọ́n ti jókòó jẹun tán lálẹ́, ó dá ọwọ́ dúró lórí àwo.

"Ọmọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn dà?"

Nífẹ́mi gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀ kíákíá. "Ó wà, Dádì."

"Sọ fún un kó wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibí. Ilé baba ńlá wa ní Tòpó, lódìkejì ọ̀sà, ni kí wọ́n wá. Ibẹ̀ ni a ti ń gba àlejò tó bá fẹ́ mú ọmọ wa lọ."

Háà! Nífẹ́mi kò sùn. Láti ọjọ́ náà títí di Sátidé tí wọ́n dá, orí ìrìn ló wà. Ó kó ẹja jọ, ó ra ẹ̀wà, ó gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀, ó bọ̀ ọ́ wò, ó rí i pé ó fún un ní ìbàdí, ó pinnu pé òun ò ní fi oúnjẹ gidi sẹ́nu mọ́ títí ọjọ́ yóò fi pé. Tíì lásán ló ń mu, pẹ̀lú ìwọ̀nba bisikíìtì bí òòyì bá fẹ́ kọ́ ọ. Ikùn bàbá rẹ̀ gba gbogbo ìrònú rẹ̀ tán, kò rántí pé òun náà ní ikùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti bàbá rẹ̀ tètè kọjá sí Tòpó pẹ̀lú kúlà oúnjẹ rẹpẹtẹ. Tàńtí Zipporah, ẹ̀gbọ́n Josiah obìnrin, tó ń gbé nínú ilé baba wọn lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, ti gbálẹ̀, ó ti to àga. Oòrùn yọ, atẹ́gùn òkun ń fẹ́, gbogbo nǹkan wà létòlétò. Àlejò nìkan ló kù.

Ọ̀sán pọ́n, wọn kò rí wọn. Nígbà tó yá, ẹnì kan kígbe láti èbúté pé ẹ wá wo nǹkan. Nífẹ́mi sáré dé etí omi. Láàárín ọ̀sà lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ojú omi kan dúró, ó ń yí lójú kan bí ewé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Nífẹ́mi dá ẹni tó jókòó sáàárín rẹ̀ mọ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí igi ọkọ̀, ọrùn rẹ̀ le gan-an bí ère. Ọládàpọ̀ ni, Màmá Morìnsọ́lá, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé gèlè rẹ̀ sórí itan.

"Ẹ gbà wọ́n o!" ni Nífẹ́mi ń ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wọ́n!"

Àwọn apẹja méjì ti ń tu ọkọ̀ lọ bá wọn. Wọ́n ju okùn, ó ré. Wọ́n tún un jù, ó mú. Gbogbo èbúté hó yè. Nífẹ́mi fò sókè, òòyì sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n oòrùn tó ti ń yẹ̀ ló kó ìdààmú bá a jù. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀, bàbá rẹ̀ kò sì tíì jẹun ọ̀sán! Ó sáré padà wọlé.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ fún yín kí wọ́n tó gúnlẹ̀."

"Àlejò wà lórí omi, kí n máa jẹun? Rárá o."

"Díẹ̀ péré, Dádì!"

"Sènámì, mo ní rárá."

Kò rí ohun tó tún lè ṣe. Ó sá padà sí èbúté. Nígbà tí wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà dé èbúté, omi ti ta sí aṣọ Ọládàpọ̀ títí dé orúnkún, ètè rẹ̀ sì gbẹ. Màmá Morìnsọ́lá nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó. Nífẹ́mi fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó tẹjú mọ́ bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò tó fẹ́ ru.

"Mì kúàbọ̀," ni Josiah fi Ègùn kí wọn káàbọ̀. "Ẹ kú ewu omi. Ọládàpọ̀, nígbà tí o wá sílé mi níjelòó, àwọn ìbéèrè kan wà tí mo bi ọ́."

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ọládàpọ̀ dìde dúró.

"Sà, ẹ dákun! Ẹ tún fẹ́ bi mí bóyá mo mọ omi wẹ̀? N ò mọ̀ ọ́n wẹ̀! Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ilẹ̀ gbígbẹ wà ní Ìbẹ̀rẹ̀kó, ẹ̀yin lẹ ní ká wá gba orí omi, bíi pé ẹja la fẹ́ wá tọrọ!"

"Háà! Dàpọ̀!" Màmá Morìnsọ́lá fà á láṣọ. "Dọ̀bálẹ̀!"

Kó tó dọ̀bálẹ̀, Nífẹ́mi ti kúrò lára ògiri.

"Ìwọ! Ṣé ìwọ ló yẹ kó bínú lónìí? Ojoojúmọ́ ni mò ń jí se ẹ̀wà, tí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ojú mi, torí kí bàbá mi má baà bínú sí ọ, ìwọ lo wá bínú sí bàbá mi!" Ó yíjú. "Ẹ̀yin náà, Dádì! Mo ní kẹ́ ẹ jẹun, ẹ kọ̀! Ìrọ̀lẹ́ tún ti dé báyìí, ẹ fẹ́ lé wọn lọ!" Ó tún yíjú sí Tàńtí Zipporah, tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Tàńtí, ẹ̀yin náà, ẹ yé rẹ́rìn-ín!"

  Nífẹ́mi gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ti parí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bà á jẹ́.

Josiah kò dìde. Kò nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Sènámì, kí lo jẹ láti àárọ̀?"

"Tíì."

"Lánàá ńkọ́?"

"Tíì... àti bisikíìtì."

"Bisikíìtì tí o gbà mọ́ mi lẹ́nu?" Ó yíjú sí Ọládàpọ̀, tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìwọ ńkọ́?"

"N ò jẹ nǹkan kan láti alẹ́ àná, sà. Ẹ̀rù omi ni kò jẹ́. Ẹ forí jì mí, sà."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn Josiah, ó gùnkè, ó gbọn èjìká rẹ̀, ó sì bú jáde tó fi di pé Màmá Morìnsọ́lá pàápàá bá a rín in.

"Dádì, ẹ̀yin náà ò jẹun," ni Nífẹ́mi wí nínú ẹkún.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Tàńtí Zipporah dáhùn láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. "Bó o ti sá padà lọ sí èbúté, ó wá bá mi nínú kíṣìnnì níbí. Àwo àbọ̀bọ̀ ńlá kan ló jẹ lórí ìdúró. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

Josiah wúkọ́, ó wo òkè àjà. "Mo mọ ara mi ni," ó wí. "Sènámì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mí. Ṣé ọmọ á máa dọ́gbọ́n lábẹ́ imú mi kí n má mọ̀? Mo rí i pé ara mi ń fúyẹ́, n ò kàn fẹ́ jẹ́wọ́, kí o má baà dín ẹja kù. Ọládàpọ̀, dìde. O ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Mo ní àwọn ìbéèrè kan wà tí mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kò yẹ kí n bi ọ́ bẹ́ẹ̀. Àlejò ni ọ́, mo sì fi ìtìjú kàn ọ́. Má bínú." Ó pàtẹ́wọ́. "Ó yá, mì wá dùnú, ẹ wá jẹun! Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ ìyàwó sílẹ̀ níbí títí gbogbo ẹnu á fi máa jẹun."

Wọ́n ṣí kúlà. Òórùn ọ̀bọ̀kún àti òróró àgbọn gba ilé kan. Kò sẹ́ni tó dúró de síbí. Ọládàpọ̀ jẹ òkèlè àkọ́kọ́, ó pajú dé. Ó jẹ ìkejì, àwọ̀ padà sí ètè rẹ̀. Nífẹ́mi ń jẹ, omijé ń gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń rò pé òun kò mọ̀ pé iyọ̀ dùn tó báyìí rí.  Yàrá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹ̀wọ̀n lójú rẹ̀ wá tóbi, ó mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé. Ó gbójú sókè, ó rí Ọládàpọ̀ tó ń wò ó. Àwọn méjèèjì pa ẹ̀rín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹnu tó kún.

"Ìwọ, 'bíi pé ẹja la fẹ́ wá tọrọ,'" Nífẹ́mi sín in jẹ.

"Ìwọ, 'Tàńtí, ẹ yé rẹ́rìn-ín,'" òun náà dá a padà.

Nígbà tí Màmá Morìnsọ́lá ti fọwọ́ tán, ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà Húnsù, ó wu àwọn, àwọn sì wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ káwọn já a. Josiah yíjú sí ọmọ rẹ̀. 

"Sènámì, o gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Egungun ẹja wà lẹ́nu Nífẹ́mi. Ó yọ ọ́ kíákíá. "Mo fẹ́ ẹ, Dádì! Mo fẹ́ ẹ!"

"Ó wá tán. Àwa náà fẹ́ ẹ."

Tàńtí Zipporah fi igbe ayọ̀ ta, àwọn apẹja tó wà létíkun gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń hó láìmọ ohun tí wọ́n ń hó fún. Josiah dá orin sílẹ̀, Màmá Morìnsọ́lá gbè é pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín kan tó ya gbogbo wọn lẹ́nu, bàbá sì yọ̀ bí ẹni rí owó he.

"Ẹ mọ orin báyìí, ẹ ò sọ!" ó pariwo.

Wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Josiah ní kí Eunice ti Àbújá dé ná, kó di ẹ̀yìn Ìkórè. Màmá Morìnsọ́lá ní oṣù Kejìlá ló dára jù, nígbà tí gbogbo ẹbí Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti wálé. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, wọ́n ń kọrin, wọ́n tún ń padà sórí iyàn. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi àgbọn, Nífẹ́mi àti Ọládàpọ̀ gbé ìkòkò àbọ̀bọ̀ sáàárín, wọ́n ń ha ìdí rẹ̀, ẹnì kan kò sì fẹ́ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ẹnì kejì.